Ààlà Òmìnira Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́

  Ìgbà tí ara dá ni ó yẹ kí á jíròrò lórí àìsàn. Nítorí nígbà tí iná bá ti ràn mọ́ òrùlé, kò sí ẹni tí yóò dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó ni kànga.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, níbo ni ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan parí sí, níbo sì ni ẹ̀tọ́ àwọn tí ó kù ti bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan a máa wí pé, "Ara mi ni, èmi ni mo ni ín, bí ó bá wù mí, n ó lo oògùn, bí kò bá sì wù mí, kò sí ẹni tí yóò fi túláàsì mú mi." Ẹlòmíràn a wí pé, "Ìjọba ni ó ni ìlú. Ohun tí wọ́n bá pa láṣẹ ni kí gbogbo wa ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè." Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣìnà.

Àwọn baba wa kò kọ ìwé òfin lórí ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi òwe méjì sílẹ̀ tí ó tó ìwé òfin. Èkíní ni pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Baba ni ó bí ọmọ, baba ni ó fún un ní ilẹ̀, síbẹ̀ ibi kan wà tí baba kò gbọdọ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Nítorí náà àwọn tí ń sọ káàkiri pé òyìnbó ni ó kọ́ wa pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kò tí ì bá Yorùbá gbé. Èkejì ni pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn ní òru. Òwe yìí kò sọ pé kí á di ọwọ́ ará ilé náà sẹ́yìn. Ó ní kí á wí fún un. Kò sì sọ pé nítorí ìfẹ́ àtojúbọ̀ ni a ṣe ń wí. Òru ni gbogbo ilé jọ ń sùn, nítorí náà ohun tí ó bá wọ ọ̀fun ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Àwọn àìsàn kan wà tí ó jẹ́ pé lára olúwa rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì parí sí. Bí àgbàlagbà kan bá kọ oògùn làkúrègbé, tí ó ní òun yóò máa tiro lọ bẹ́ẹ̀, a lè bá a kẹ́dùn, a lè bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. Àrùn tí ń gba inú èémí, tàbí òógùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ kọjá sí ara ẹlòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e rìn ti fi ẹsẹ̀ kan wọ oko ẹlòmíràn kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ohun tí ojú wa rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Patrick Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Liberia tí ó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Monrovia, ó gba Lomé, ó sì balẹ̀ sí Èkó. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń bá lọ sí ìpàdé kan ní Calabar. Ó ṣubú lulẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ní oṣù náà, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Arábìnrin rẹ̀ ti kú nípa àrùn Ebola ní Monrovia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kò bá aláìsàn Ebola kankan pàdé.

Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ọ̀kan nínú àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay tí gbogbo yín mọ̀, ni ó fura. Kò rí Ebola rí láyé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tí ì rí i ní Èkó ṣáájú ọjọ́ náà. Ó dá ọkùnrin náà dúró, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn aláṣẹ. Nígbà náà ni àwọn olóyè ìjọba Liberia bẹ̀rẹ̀ sí fúngun mọ́ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ sí ìpàdé tí ó bá wá. Wọ́n ní wọ́n jí i gbé ni, wọ́n ní wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ dù ú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn! Òun gan-an ni a péjọ lé lórí ní òní. Èsì àyẹ̀wò kò tí ì dé, ọkùnrin náà sì wà ní ojú ara rẹ̀, ó ń sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Bí ó bá jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ni yóò wọ̀. Dókítà Adadevoh kò jẹ́ kí ó jáde. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Dókítà tí ó dá a dúró, òun náà ti kó àrùn náà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ó jáde láyé.

Àwọn kan wà tí yóò bèèrè pé kí ni òfin wí. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, gbà pé kò sí ẹni tí a gbọdọ̀ gba òmìnira rẹ̀, ó sì ka àwọn tí ọ̀ràn wọn yàtọ̀. Àwọn tí àrùn tí ń ràn ń ṣe wà nínú wọn, kí á lè tọ́jú wọn tàbí kí á lè dáàbò bo àwọn ará ìlú. Abala 45 náà dárúkọ ìlera gbogbo ènìyàn. Òfin àtijọ́ kan tún wà láti ọdún 1926, òfin ìsémọ́lé nítorí àrùn, tí owó ìtanràn inú rẹ̀ jẹ́ 200 náírà, iye tí kò lè ra oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan mọ́ ní Èkó. Òun náà ni ìjọba tún gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ lò ní ọdún 2020. Nítorí náà òfin kò ta ko obìnrin náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ̀, kò sì mú ìbọn lọ́wọ́. Ohun tí ó ní ni ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀kùn.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí wá gbogbo ẹni tí ó fi ara kan ọkùnrin náà, àti ẹni tí ó fi ara kan àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Nígbà tí wọn yóò fi kà wọ́n tán, wọ́n jẹ́ ènìyàn 894. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wọn bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, wọ́n sì ń bi í bí ó ti jí. Ìbẹ̀wò ojúkorojú tí wọ́n ṣe tó 18,500. Ẹ rò ó wò! Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní àrùn kankan lára, ara wọn le koko bí ti àwa tí a jókòó síhìn-ín. Síbẹ̀ a ní kí wọ́n máa retí àlejò tí ń bọ̀ wá wo ojú wọn ní ojoojúmọ́, nígbà tí aládùúgbò ń yọjú láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbà. Nínú gbogbo rẹ̀, ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní ilẹ̀ wa, 8 sì kú; ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parí níhìn-ín. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, àwọn tí ó kú lé ní 11,000 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2016. Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń yin ìjọba nìkan nítorí ọ̀ràn yìí. Ìjọba ṣe é, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yin àwọn tí wọ́n jókòó? A kò mọ orúkọ wọn, kò sì yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò lọ sí ibi kankan.

Ẹnì kan nínú wọn kò lè jókòó. Ó kúrò ní Èkó, ó lọ sí Port Harcourt, ó sì bẹ dókítà kan pé kí ó tọ́jú òun ní ìkọ̀kọ̀ ní ilé ìtura kan. Ara ọkùnrin yìí yá. Dókítà náà kó àrùn náà. Kí ó tó mọ̀ tàbí kí ó tó jẹ́wọ́, ó ti ń wo àwọn aláìsàn mìíràn, àwọn ènìyàn sì ti ń wọlé kí i. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Ìyàwó rẹ̀ náà kó o, ṣùgbọ́n òun yè. Ẹni tí ó sá ni ó yè. Ẹni tí ó ṣàánú fún un ni ó kú. A kò sọ èyí láti bú ẹni tí ó sá. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ìwà ìkà, ẹni tí ikú ń lé kì í sì í ronú bí ẹni tí ó jókòó sí ìpàdé. Ohun tí a ń sọ ni pé òmìnira tí ó lò ní ọjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti dókítà náà, apá kan sì jẹ́ ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ahọ́n pẹ̀lú ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 kan náà, òru ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fò láti orí fóònù sí orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má bàa mú wọn. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe ìyá. Ìfẹ́ ni ó gbé e dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nípa mímu omi iyọ̀. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ wà nínú òfin, a ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ jí ìdílé rẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru láti sọ pé kí wọ́n mu oògùn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ni ó sọ fún òun.

A ti bá ẹni tí ó ní ara òun ni wí. Ó kù sí ti ẹni tí ó ní ohunkóhun tí ìjọba bá wí ni kí á ṣe. Ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi máa ń fi aláìsàn pamọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe òpè ni ó ń ṣe wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ti Gold Coast wá mú àrùn influenza wọ Èkó. Ìjọba òyìnbó rán wolé-wolé sí àdúgbò gbogbo láti máa wá àwọn aláìsàn kiri láti ilé dé ilé. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún ará ìlú ní èdè tí ó yé wọn ibi tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn náà lọ àti ohun tí a ó fi wọ́n ṣe. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn gbé aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá: wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú ọ̀sà, àrùn náà sì bá wọn wọ ọkọ̀. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní gbogbo Nàìjíríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Òun ni ó fa ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe, tí wọ́n sì wó ilé púpọ̀ ní erékùṣù. Ẹni tí ó bá ti rí i pé ikú òkété kan lè sọ ilé baba òun di ilẹ̀, ǹjẹ́ yóò yára lọ sọ pé eku kú nínú yàrá òun bí?

Àwọn kan lè sọ pé ìjọba àjèjì ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á wo tiwa. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa nítorí àrùn kòrónà, ó sì tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ní ìdajì oṣù kẹrin, Àjọ tí ń rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní ilẹ̀ wa kéde pé ènìyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa níbi tí wọ́n ti ń mú òfin náà ṣẹ. Ó ju iye ẹni tí àrùn náà fúnra rẹ̀ tí ì pa ní Nàìjíríà lọ ní ọjọ́ náà. A tún un wí: ọta ìbọn àwọn tí a rán láti dáàbò bò wá pa ju àìsàn lọ.

Ebi náà wà níbẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé ní báńkì lè jókòó kí ó máa ka ìwé. Alábàárù Mushin, ìyá alákàrà ní Ọ̀jọ́ta, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, iṣẹ́ òwúrọ̀ wọn ni oúnjẹ alẹ́ wọn. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà ìjọba tí ó bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó jókòó sílé, tí kò sì gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá, kò pa àṣẹ kankan. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ará ìlú já ilé ìkẹ́rù ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì bá oúnjẹ tí a kó jọ nítorí àrùn náà níbẹ̀ tí wọn kò tí ì pín. Ìwà jàgídíjàgan kò dára. Àmọ́ àpò ìrẹsì tí a tì mọ́lé fún oṣù púpọ̀ nígbà tí ebi wà ní òde, kí ni a ó pè é?

Ohun mìíràn tí ó máa ń ba òfin jẹ́ ni ojúsàájú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, òṣèré olókìkí kan àti ọkọ rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ní ilé wọn ní Èkó pẹ̀lú àlejò. Kóòtù dá wọn lẹ́bi, wọ́n san owó ìtanràn 100,000 náírà ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ 14 ṣe iṣẹ́ ìlú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kan náà, àwọn ènìyàn ńláńlá pé lé ibi ìsìnkú ọ̀kan nínú àwọn olóyè ìjọba ní Abuja, wọ́n fún ara wọn pọ̀ lẹ́bàá isà òkú. Ìjọba fúnra wọn jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé a kò tẹ̀lé òfin tán níbẹ̀. A kò gbọ́ pé kóòtù kankan jókòó lé ìyẹn lórí. Mẹ̀kúnnù tí ó rí méjèèjì yóò mọ irú òfin tí òun ń bá gbé.

Ní ti òkú, a fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni bàtà ti ń ta ọmọ Yorùbá lẹ́sẹ̀. Ẹni tí Ebola bá pa, òkú rẹ̀ léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Kí ni a ó wá ṣe nípa wíwẹ̀, nípa dídì, nípa ọwọ́ ọmọ lára òkú baba rẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àwọn ilẹ̀ mẹ́ta tí àrùn náà ti jà jù, àwọn tí ó wọ aṣọ funfun bí iwin ni wọ́n ń gbé òkú lọ tí wọ́n sì ń sin ín láìsí ẹbí. Kí ni àwọn ará ilé ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sin òkú wọn ní òru, àrùn náà sì ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde pẹ̀lú àwọn àgbà onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí: kí ẹbí mọ ibojì, kí wọ́n dúró ní ọ̀nà jíjìn kí wọ́n gbàdúrà, kí lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tí ẹbí bá mú wá bo òkú. Wọn kò fún ẹbí ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. A rò pé ìyàtọ̀ ńlá wà nínú ìyẹn.

Nípa ìkíni, a gbọ́ tí àwọn kan ń ṣọ̀fọ̀ ní ọdún 2020 pé nítorí wọ́n ní kí á má ṣe bọ ara wa lọ́wọ́, ìwà ọmọlúwàbí ti parun. Ta ni ó kọ́ wa ní bíbọ ọwọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò bèèrè ìfọwọ́kàn. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà sí àgbà kò jẹ gbèsè ìkíni kankan.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ bí tiwa, tí ó gbé àṣà ga, sọ òtítọ́ nípa àṣà pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná ní ayé àwọn baba wa, wọn a yọ aláìsàn lọ sí ahéré ní inú igbó, ẹni tí ó ti ṣe é rí tí ó sì yè ni wọn a sì fi tì í. Ìmọ̀ ni ìyẹn, kò sì sí ìwé tí wọ́n ti kà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn tí ń bọ Ṣọ̀pọ̀nná tí wọ́n ń kó ẹrù ẹni tí ó kú lọ, tí ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, tí wọ́n sì ní láti máa dúpẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Alápadúpẹ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, ọmọ Yorùbá, wọ inú ẹgbẹ́ wọn láti wádìí, ó sì ròyìn pé àwọn kan nínú wọn fúnra wọn ni wọ́n ń mú ara àrùn náà tàn kálẹ̀. Ìjọba fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Òmìnira ẹ̀sìn jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójú wa. Kò sí ẹ̀sìn, ìbáà jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti àjèjì, tí ó lè fi ara ẹlòmíràn ṣe ohun ìrúbọ.

Bupá sì ni ó lé ìgbóná lọ. Ní ọdún 1967 ní Abakaliki, nínú ènìyàn 32 tí ó ṣe é, 30 jẹ́ ọmọ ìjọ kan tí kò gbà láti bupá. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henning Jacobson kọ̀ láti bupá ní Cambridge, ní Massachusetts. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní ọdún 1905, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Àwọn tí ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí máa ń gbàgbé ìdajì rẹ̀. Ìyà tí ó jẹ ni owó ìtanràn dọ́là márùn-ún; kò sí ẹni tí ó dì í mú kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Ilé-ẹjọ́ náà sì sọ pé bí àwọn aláṣẹ bá lo agbára kọjá ohun tí ewu náà bèèrè, kóòtù lè dá wọn lẹ́kun. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá bi wá ibi tí a gbé ààlà sí, a ó sọ pé a kò jìnnà sí ibẹ̀: ẹni tí ó kọ̀ lè san owó, ó lè jókòó sílé, a lè ní kí ó má wọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà títí ewu yóò fi kọjá, ṣùgbọ́n kí á má ṣe na án, kí á má ṣe yìnbọn fún un, kí á má sì fi ebi pa á. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni a kéde pé ìgbóná ti kúrò láyé. Àwọn ọmọ wa kò ní àpá rẹ̀ ní ojú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Ní ọdọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè láti ọdún 1969, máa ń jà ní Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku nínú oúnjẹ ni ó sábà ń gbé e wọlé. Láti ibẹ̀ ó lè ti ara ẹnì kan kọjá sí ara ẹlòmíràn. Ó jọ ibà lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì sì ti kú nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sá gàrí sí etí títì níbi tí eku ń rìn kọjá ní òru, òmìnira tirẹ̀ ń bọ̀ wá di oúnjẹ ẹlòmíràn. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí nọ́ọ̀sì bi í pé ta ni ó ṣàìsàn ní ilé yín láìpẹ́ yìí, tí ó sì dáhùn pé kò sí, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu nípa ẹ̀mí nọ́ọ̀sì náà.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́ kò pọ̀. A fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí wọn yóò máa bá wolé-wolé àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sọ̀rọ̀ kí àrùn tó dé, kí ó lè jẹ́ pé ojú tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni yóò kan ilẹ̀kùn wọn. Bí wọ́n bá sì ní kí ilé kan jókòó, kí ẹgbẹ́ gbé oúnjẹ àti omi lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn títí ọjọ́ yóò fi pé, kí wọ́n sì padà wá kí wọn ní gbangba lójú aládùúgbò ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde. Nítorí a gbọ́ pé àwọn tí Ebola ṣe tí ara wọn yá ní 2014 bá ojú burúkú pàdé ní òde. Ìwé tí a ó kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá lè yọ iṣu díẹ̀ tàbí àpò gàrí kan sílẹ̀, kí ó sọ iye rẹ̀ kí á tó túká.